Mo Pe Àdúgbò, Àdúgbò Ò Jẹ́

Iṣẹ́ ìjọba ló bà mí jẹ́. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn nígbà tí ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí bá dé bá mi, tí mo sì ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ní Sẹkitéríàtì tí mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí ọ̀gá bá kọ ìwé ìkéde, wọ́n á gbé e láti tábìlì dé tábìlì, oníkálukú á sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òun ti rí i. Kò sẹ́ni tó lè ní òun ò gbọ́. Èmi ni mo ń gbé ìwé náà kiri nígbà tí mo ṣì kéré níbẹ̀, èmi náà ni mo sì ń kọ ọ́ nígbà tí mo di àgbà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi mí ṣe alábòójútó gúrúùpù àdúgbò wa ní Bódìjà, mo rò pé àwọn aládùúgbò mi náà á máa fọwọ́ síwèé.

Òpópónà wa kò gùn. Ó yà kúrò lára títì ńlá, géètì kan wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí a máa ń tì lálẹ́, ògiri sì ni wọ́n fi dí òpin rẹ̀. Àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀ ń gbé níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn ayálégbé tó ń jáde lọ sí Dùgbẹ̀ àti Ring Road kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Alága wa, lọ́yà kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, ló dá gúrúùpù náà sílẹ̀ sórí fóònù lẹ́yìn tí olè yọ bátìrì ọkọ̀ ẹnì kan lọ. Kò pẹ́ tó fi gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ kúkú wà nílé,” ló wí.

Òótọ́ ni, mo wà nílé. Ọkọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́ wọn, ilé náà sì dákẹ́ débi pé mo mọ ìgbà tí fíríìjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n àti ìgbà tó bá sinmi. Bí fóònù bá dún, inú mi á ti dùn kí n tó mọ ẹni tó ń wá mi. N kò sọ èyí fún alága. Mo ní màá gbìyànjú, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ pa.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí wọn bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ níbi iṣẹ́. “Èyí ni láti fi tó gbogbo onílé àti ayálégbé létí.” Mo ń fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀. Àmì kékeré tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ á fi hàn mí pé wọ́n ti kà á, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fèsì. Lójú tèmi, ìwọ̀sí gbáà ni. Ta ni wọ́n máa kí tí á wo ẹni tó kí i láti òkè délẹ̀, tí á sì kọjá lọ? Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ló máa ń dá mi lóhùn, ìyẹn Alájà tó ń gbé lódìkejì títì. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Èkìtì, òun ló fi ìsọ̀ ẹran tó dáa hàn mí lọ́jà Bódìjà, nígbà tí ọkọ mi sì kú, ó gbé ẹní rẹ̀ wá sí yàrá mi, ó ń sùn tì mí títí ẹ̀rù ilé náà fi kúrò lára mi. Ìdáhùn tirẹ̀ kò mú mi lórí yá. Mo gbà pé ọ̀rẹ́ mi ni, ó pọn dandan kó dáhùn.

Mo fi ẹjọ́ wọn sun ọmọ mi obìnrin tó wà l’Ékòó. Iléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ni áàpù kan tí àwọn abiyamọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an sì ni àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú tó máa ń dún lójú fóònù láti pe èèyàn padà wá. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

“Mọ́mì, ìkéde ni ti yín. Kò sẹ́ni tó máa ń dáhùn ìkéde. Tí ẹ bá pe èèyàn lórúkọ, fóònù ẹ̀ á dún lọ́tọ̀, á mọ̀ pé òun lẹ ń bá wí. Kí ẹ wá bi í ní ìbéèrè.”

Ó tún sọ nǹkan mìíràn. Ó ní, “Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ o. Tó bá ti sú wọn, wọ́n á pa á lẹ́nu mọ́ lórí fóònù wọn, wọn ò sì ní sọ fún yín.” Mo dáhùn pé mo ti gbọ́. Apá tó wù mí ni mo gbọ́.

Ìbéèrè wo ni mo wá lè bi àgbàlagbà tí kò ní lè má dáhùn? Mo ronú sí i níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó sì já sí mi lọ́kàn. Kò sí Yorùbá tí wọ́n máa bi pé ṣé àlàáfíà ni tí yóò dákẹ́. Bó bá dákẹ́, bí ẹni pé ó ń fẹnu ara rẹ̀ pe aburú wálé ni. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, màá kí gbogbo wọn. Tó bá fi máa di ìyálẹ̀ta, màá wo àwọn tí kò dáhùn, màá pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: “A ò gbúròó yín o. Ṣé àlàáfíà ni?”

Ó ṣiṣẹ́. Kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. “Àlàáfíà ni, Mà.” “A dúpẹ́, Mọ́mì.” Àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ń tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kì í dá alága pàápàá lóhùn kọ̀wé pé ara òun le, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dun òun díẹ̀. Fóònù mi wá ń ta bíi gúgúrú nínú ìkòkò, mo sì ń gbé e kiri láti pálọ̀ dé ilé ìdáná. Mo pe ọmọ mi, mo ní iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un lé lórí kò le rárá.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, ẹnu mi sì ni mo fi máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn kú iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn tó pẹ́ pé a kò fẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ kí ọkàn wa pòrúùrù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Dùgbẹ̀, ó háyà ilé kékeré ẹ̀yìn ilé ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo pè é lórúkọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò dáhùn. Mo pè é lọ́sàn-án. Ó kọ̀wé níkẹyìn pé, “Àlàáfíà ni Mà, ẹ má bínú, ìpàdé ni mo wà.” Mo dá a lóhùn pé, “A dúpẹ́. Ẹ máa rántí pé a wà láyé.” Ẹ̀fẹ̀ ni mo pè é, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ ọ́ tán. Nígbà tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, mo máa ń pa ojú dé.

Díẹ̀díẹ̀, ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹnì kankan kò kúrò nínú gúrúùpù náà o. Ẹni tó bá kúrò, fóònù á kéde rẹ̀ fún gbogbo wa pé lágbájá ti jáde, ìyẹn ò sì yàtọ̀ sí kéèyàn dìde kó gbọn aṣọ nù nígbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n tọ́ dáadáa ni wọ́n. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n di etí. Èmi sì ń wo orúkọ gbogbo wọn tó pé pérépéré, mo ní iṣẹ́ ló dí wọn lọ́wọ́.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo bi wọ́n nípa gọ́tà wa tó ti dí. Ọjọ́ wo ni kí á kó o? Mo pe gbogbo wọn lórúkọ, kò sẹ́ni tó fèsì. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró ṣọ́bìrì láàárọ̀ Sátidé kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Mo yọjú lójú fèrèsé, gbogbo àdúgbò ló wà níta. Alága wọ bàtà òjò, ọ̀jọ̀gbọ́n di aṣọ mọ́ imú, ọmọ báńkì ń fi bárò kó ẹrẹ̀. Mo sáré jáde pẹ̀lú ìró tí mo fi sùn. Mo bi alága pé ta ló pe ìpàdé.

“A kàn sọ ọ́ láàárín ara wa ni, Mọ́mì,” ló wí, ó sì yẹ ojú.

Wọ́n gbé àga fún mi sábẹ́ máńgòrò. Wọ́n ní kí n sinmi, wọ́n ní mo ti ṣe tèmi. Mo jókòó bí àlejò níwájú ilé ara mi, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣàwàdà pẹ̀lú ara wọn, àwàdà tó ti bẹ̀rẹ̀ níbi kan tí n kò mọ̀. Nígbà tí mo wọlé, mo kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé wọ́n kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ máa lo gúrúùpù náà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Alájà nìkan ló dáhùn. Ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.”

Òun náà ló gbé fóònù tuntun wá sílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i, lẹ́tà rẹ̀ kò sì tóbi ju kòkòrò lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ ọ́ di ńlá, mi ò ríran. Ẹ jẹ́ ń kírun ná, Alásárì ti wọlé.”

Mo tẹ́ ẹní fún un sínú pálọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó kọjú síbi tó yẹ, ó bẹ̀rẹ̀ ìrun rẹ̀. Mo jókòó sórí àga, mò ń wá ibi tí wọ́n fi lẹ́tà pa mọ́ sí nínú fóònù náà. Ìgbà náà ni nǹkan kan já bọ́ lókè ojú fóònù, tó dún tíntín. Mo rí àwòrán géètì òpópónà wa. Mo kọ́kọ́ rò pé gúrúùpù tèmi ni, àmọ́ orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni “Ẹ̀yìn Géètì.” Ọmọ báńkì ló kọ̀wé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ páìpù omi tó bẹ́ yìí lọ sọ́hùn-ún o. Màmá Ṣé-Àlàáfíà-Ni á pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan.”

N kò ṣí i. Bí mo ṣe jókòó yìí, n kò ṣí i. Fúnra wọn ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ń já bọ́. Alága fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n má pa òun lẹ́rìn-ín, ọ̀dọ̀ dókítà eyín lòun wà. Ìyàwó alága ní bí òun bá jí báyìí, kí òun tó dá ọkọ òun lóhùn, òun á kọ́kọ́ ní àlàáfíà ni. Gbogbo wọn pátá ló wà níbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn kíákíá. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ wọ́n.

Alájà forí kanlẹ̀ lórí ẹní. Ojú tì mí débi tí n kò mọ ibi tí màá gbé e sí nínú pálọ̀ tèmi. Nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí màá ṣe, mo ń bá iṣẹ́ tó rán mi lọ. Mo rí ibi lẹ́tà, mo sọ ọ́ di ńlá. Bí mo ṣe sọ ọ́ di ńlá tán báyìí ni orúkọ náà tún já bọ́, Màmá Ṣé-Àlàáfíà-Ni, ó gba ojú fóònù tán.

Alájà sálámà láti parí ìrun rẹ̀, ó yíjú sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo na fóònù sí i.

“Mo ti bá yín sọ ọ́ di ńlá,” ni mo wí.

Ó wò ó. Ó gbé e sílẹ̀ lórí ẹní, ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀.

Mo bi í pé, “Ta ló dá a sílẹ̀?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ká ní ẹlòmíì ni, mo mọ ohun tí ǹ bá sọ. Mo ti to èébú alága sẹ́nu. Mo ní, “Ẹ̀yin, Alájà? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá mi lóhùn?”

“Mo ń dáhùn kí ọkàn yín má baà bàjẹ́.” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Ẹ rántí ìgbà tí ìfúnpá mi ga, lẹ́yìn ọdún iléyá? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn pé, ‘Alájà, a ò gbúròó yín, ṣé àlàáfíà ni?’ Yàrá iwájú ni mo dùbúlẹ̀ sí. Mò ń wo géètì yín lójú fèrèsé. Mo ní ẹ ó yọjú báyìí, ẹ ó yọjú báyìí. Ilẹ̀ ṣú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ tún kọ ọ́. Mo bá ní àlàáfíà ni.”

Mo rántí. Ohun tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, mo rántí dáadáa. Mo rántí pé nígbà tí ìdáhùn rẹ̀ wọlé, inú mi dùn pé òun ló ku tí gbogbo wọn á fi pé. Títì kan ló wà láàárín wa. Ẹni tó gbé ẹní wá sùn tì mí lọ́jọ́ tí mo di opó, mo jókòó sórí àga, mo fi ìka kan béèrè àlàáfíà rẹ̀.

“Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí. “Àwọn tó kù náà ń ráhùn sí mi. Mi ò lè máa gba ìráhùn gbogbo wọn lórí ìbùsùn. Mo bá ní kí wọ́n wá máa sọ̀rọ̀ níbòmíì.”

Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, mo jókòó sórí ẹní ìrun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan, ó ti kọjá. Ó bi mí bóyá kí òun ní kí wọ́n fi mí síbẹ̀. Mo ní rárá, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ níbi tí mo wà. Àwa Yorùbá kì í gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ wá, a ó ní a ti yó, wọ́n á tún fi lọ̀ wá. Mo ń retí kó tún bi mí. Ó ká ẹní náà, ó dúpẹ́ fún fóònù, ó sọdá títì padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò kí ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Mo wọ bàtà, mo sọdá sọ́dọ̀ Alájà, mo bá a ṣa ẹ̀fọ́, àwa méjèèjì kò sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ láti ìgbà náà wá. Bí mo bá padà délé, màá wo fóònù. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa retí nǹkan kan, síbẹ̀ mo ń retí rẹ̀. Ẹni tó ti ń kí àdúgbò láràárọ̀ dákẹ́ lójijì. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ pé, ẹ gbọ́, a ò rí Mọ́mì o. Fíríìjì ń gbọ̀n, ó ń sinmi. Mo fi ara mi sí ipò wọn, mo wá rí i pé bí mo bá kọ̀wé, fóònù wọn kò dún, bí n kò bá sì kọ ọ́, kò dún.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, n kò kọ ohunkóhun sórí gúrúùpù náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń ti ọ̀dọ̀ Alájà bọ̀, mo pàdé ọmọ báńkì níbi géètì. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ti pẹ́, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e dé Dùgbẹ̀ ń fun fèrè. Nígbà tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ má bínú,” ló wí. “Mo rí ìkíni yín ti òwúrọ̀ yìí. Ọwọ́ mi ló dí, màá dáhùn tí mo bá dé ọ́fíìsì.”

Mo wo ojú rẹ̀. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, ó ń wá ohun tó máa dùn mọ́ àgbà nínú. Mo ní kò burú, kó má ṣe ìyọnu, kó tètè máa lọ kí ọkọ̀ má baà fi í sílẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì sáré lọ.